Bí Mo Ṣe Gbé Mẹ́dàlì Bàbá Àgbà Lọ sí Dagenham

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Ara le, ẹsẹ̀ mi nìkan ló ṣì ń ṣe bí ẹni pé òtútù kò tíì jáde nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí mi káàbọ̀ ló ń wo ẹ̀yìn mi bóyá àpò ṣì ń bọ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò ra nǹkan kan bọ̀. Ohun tí mo gbé lọ ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín, nítorí òun gan-an ni kò jẹ́ kí n ráyè ọjà.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ mi. Góòlù àti fàdákà ni mo tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ọjọ́ orí fi ní kí n sinmi. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro àti mẹ́dàlì fàdákà kan tí wọ́n kọ èdè Jámánì sí lára. Ìtàn tí a jogún nílé wa ni pé àyà òyìnbó Jámánì ni bàbá àgbà ti já a. A tiẹ̀ gbà pé èyí àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ méjì tó wà lára rẹ̀, “Krieger”, orúkọ òyìnbó náà ni. Kírígà la máa ń pè é. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ẹnìkan bá ṣubú, a ó pariwo pé bàbá àgbà ti na Kírígà!

Ọjọ́ ọdún tuntun ni Délé, ọmọ àbúrò bàbá mi, ba nǹkan jẹ́. Bàbá mi ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ mẹ́dàlì náà bí ó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, torí pé nílé wa, ohun àgbà kì í wọnú ọdún pẹ̀lú ìdọ̀tí. Délé ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n rà á lọ́jà ni. Irú ẹ̀ kún orí fóònù.” Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín, kò sì fẹnu kan oúnjẹ ọdún náà. Nígbà tí ó gbọ́ pé mò ń lọ wo àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi aṣọ wé mẹ́dàlì náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Àbẹ̀kẹ́, lọ bá mi bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ kú láìmọ̀ bóyá ọmọ òpùrọ́ ni mí.”

Ohun tó gbé mi rìn nìyẹn. Ẹ má fi ti òtútù dá mi dúró.

Goresbrook

Lọ́ńdọ̀nù tí mo ń retí ni èyí tó ní afárá ńlá àti ààfin ọba. Goresbrook, ní Dagenham, ni mo bá ara mi, nílé Fúnmiláyọ̀ àbúrò mi: ilé bíríkì tó so mọ́ ilé bíríkì, ọgbà kékeré níwájú, ike ìdalẹ̀nù lẹ́nu ọ̀nà oníkálukú. Inú mi dùn sí i lójú ẹsẹ̀! Ó ní adúgbò. Ẹnìkan ń sá aṣọ, ẹnìkan ń bá ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni bá ọmọ wí. Ìyá kan tó jẹ́ òyìnbó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó pè mí ní olólùfẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà pè mí bẹ́ẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ọkọ mi olóògbé ló jí dìde.

Fúnmi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. Ìkìlọ̀ ló fi gbà mí lálejò.

“Sìsí mi, ẹ ò lè máa kí gbogbo èèyàn lójú títì báyìí o. They will think pé ẹ ń ṣe campaign.”

Mo kí wọn síbẹ̀. Àwọn kan dáhùn, àwọn kan wo bàtà wọn. Nǹkan kan yà mí lẹ́nu nípa wọn: bí o bá tẹ òyìnbó lẹ́sẹ̀, òun ló máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè dá mi lójú.

Ti oúnjẹ kò le rárá. Iṣu, ata, pọ̀nmọ́, gbogbo rẹ̀ wà ní Dagenham, òtútù ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí nìkan ló gba adùn lára rẹ̀. Fúnmi ló rí ìwé ìkéde lára ògiri pé àwọn tó ń kó mẹ́dàlì ayé àtijọ́ jọ máa pé sí gbọ̀ngàn kan nítòsí lọ́jọ́ Sátidé. Mo fò sókè! Mo ti rò pé ilé ńlá kan láàárín ìlú ni mo máa lọ bẹ̀ wọ́n, àṣé àwọn gan-an ń bọ̀ wá bá mi ládùúgbò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé náà, mo ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ṣe. Mo bọ́ sí ilé ìdáná, mo wá eérú, kò sí eérú, iná gáàsì ni wọ́n ń lò. Mo bá mú ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ ìfọyín Fúnmi, mo fọ mẹ́dàlì bàbá àgbà títí mo fi ń rí imú ara mi nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń mú bàbá rẹ̀ lọ sóde, ó yẹ kó wẹ̀ ẹ́.

Nínú gbọ̀ngàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ta ohun ọ̀ṣọ́ rí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irú rẹ̀! Tábìlì kún gbọ̀ngàn láti ògiri dé ògiri, dígí lórí tábìlì, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì lábẹ́ dígí, mẹ́dàlì lórí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Àgbélébùú, ìràwọ̀, adé, kìnnìún, oríṣiríṣi rìbọ́ọ̀nù. Àwọn bàbá orí funfun tẹ̀ ba lórí wọn, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ sókè. Wọn kò kí ara wọn tí wọ́n bá wọlé. Wọn ò ní “ẹ káàárọ̀”, wọn ò ní “ilé ńkọ́”, ohun tó wà lórí tábìlì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí. Èmi nìkan ni obìnrin tó wé gèlè níbẹ̀. Fúnmi fà mí láṣọ pé kí n má rìn kíákíá.

Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún wa tó jẹ́ pé ti Jámánì nìkan ló ń kó jọ. Téírì ni orúkọ rẹ̀, dókítà eyín tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní kí n pe òun ní Téírì. Bàbá tó tó ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ orí! Mo pè é ní Sà Téírì, ó gbà bẹ́ẹ̀. Èdè wọn kò ní “ẹ” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fúnni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ní in, nítorí náà bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín.

Bí ó ṣe rí i pé mo fẹ́ mọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ó ní Jámánì ayé ìgbà náà kì í ṣe ilẹ̀ ọba kan ṣoṣo. Ọba pọ̀ lábẹ́ ọba àgbà, ọba kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀ fún ọmọ ogun rẹ̀. Mo ní, “Ó yé mi! Bí Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, tí oníkálukú ní adé tirẹ̀.” Ó fi àgbélébùú kan hàn mí tí iná ń yọ láàárín apá rẹ̀, tí kìnnìún wà lẹ́yìn rẹ̀: ti Bàfáríà nìyẹn. Ó fi òmíràn hàn mí tí wọ́n kọ “fún akínkanjú àti olóòótọ́” sí láàárín ewé: ti Wọ́tẹ́ńbẹ̀gì. Tí idà méjì bá gba ara wọn kọjá lórí rẹ̀, ojú ogun gan-an ni ẹni náà ti gbà á. Tí kò bá sí idà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ọ́fíìsì ló ti fi kálámù jagun. Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn bàbá tó kù gbé orí sókè.

Ó dé ibi tí ó dé. Mo tú aṣọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé mẹ́dàlì wa fún un.

Kò tiẹ̀ fi awò bọ ojú. Ó wò ó, ó yí i padà, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ẹ má bínú, màdámù. Ayédèrú ni. Ẹ wo bó ṣe ń dán, kò lè ju àná lọ tí wọ́n ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà. Mo rí ojú Délé, mo rí oúnjẹ ọdún tí bàbá mi kò jẹ. Omi dé ojú mi níwájú gbogbo wọn, mi ò sì tijú.

“Sà, kì í ṣe àná ni wọ́n ṣe é. Àárọ̀ yìí ni mo fọ̀ ọ́ ni!”

“Ẹ fọ̀ ọ́?”

“Mo fọ̀ ọ́ dáadáa.”

“Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?”

“Ọsàn wẹ́wẹ́. Àti ọṣẹ ìfọyín.”

Sà Téírì dìde dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Dókítà eyín! Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun ti rí tí èèyàn fi ọṣẹ ìfọyín ṣe, òun ò rí èyí rí. Ó wá ṣàlàyé pé àwọn kì í fọ mẹ́dàlì láéláé. Dúdú tó máa ń wà lára fàdákà àtijọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì fọ̀ ọ́ kúrò ti fọ ẹ̀rí nù. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé èmi náà ti ta fàdákà kí n tó dàgbà tán, ẹnikẹ́ni tó bá gbé fàdákà dúdú wá sí ọjà wa, a ó bi í bóyá inú ààrò ni ó ti yọ ọ́.

“Nílé wa, ohun àgbà kì í jáde láìwẹ̀. Lọ́dọọdún ni bàbá mi ń fọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ti ń fọ̀ ọ́ kó tó kàn án. Ṣé ẹ̀yin kì í wẹ̀ kí ẹ tó jáde ni, sà?”

Fúnmi kọ́kọ́ di ojú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ gba mẹ́dàlì náà padà. “Lọ́dọọdún?” Ó fi awò kékeré bọ ojú, irú èyí tó fi ń wo inú ẹnu èèyàn tẹ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú iná, ó tún yí i. Ó ní ayédèrú tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù máa ń ní ihò wínníwínní bí inú àkàrà, kò rí ihò kan lára tiwa. Adé tó wà lójú kan rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ parẹ́ tán.

“Ẹ̀rọ ò lè ṣe èyí,” ló wí. “Ọwọ́ èèyàn ló jẹ ẹ́. Ọwọ́ púpọ̀, fún ìgbà pípẹ́.”

Ó ní òun ní irú rẹ̀ kan nílé, òun ò sì ní sọ̀rọ̀ kan mọ́ àfi tí òun bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó ní kí a wá kí òun ní Rush Green.

Rush Green

Èmi ò lè lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfìfo. Iṣu kan tó tóbi ni mo gbé lọ fún ìyàwó rẹ̀, Jóòàn. Ó dúpẹ́ gidigidi, ó wò ó títí, ó sì gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń dáná yá nínú pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó. Kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un. Bóyá ó ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Jóòàn fún wa ní páì ẹran, pẹ̀lú pòtétò tí wọ́n gún bí iyán, ó wá da ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé kan lé e lórí, bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbàgbé ata nínú rẹ̀. Ó ní oúnjẹ àwọn òbí òun nìyẹn, àwọn tí wọ́n bí ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Mo jẹ ẹ́ tán. Ẹran inú rẹ̀ dára. Ọbẹ̀ náà, mo fi ọ̀wọ̀ gbé e mì.

Sà Téírì gbé tirẹ̀ jáde, dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó gbé tiwa tì í, èyí tó ń dán. Ó wọ̀n wọ́n lórí ìwọ̀n, ó wo òrùka tí rìbọ́ọ̀nù ń gbà kọjá, ó wo ewé tó yí ọ̀rọ̀ náà ká ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Fúnmi ń gbàdúrà, mo rí ètè rẹ̀.

“Ojúlówó ni,” ló wí.

Háà! Mo fò! Mo gbá Jóòàn mọ́ra, mo jó yí tábìlì wọn ká, mo ń pe bàbá mi lórúkọ bí ẹni pé ó wà nínú yàrá náà. Bàbá mi kì í ṣe ọmọ òpùrọ́! Mo ní kí Délé gbọ́ ọ láti Dagenham! Jóòàn náà ń jó, kò mọ ohun tó ń jó sí. Ìgbà tí mo yí padà ni mo rí i pé Sà Téírì kò jó, pé kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

“Ẹ jókòó, màdámù. Ó ku ìyókù.”

Ó ní “Krieger” kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Jagunjagun ló túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ méjì tó wà lára rẹ̀, ẹ̀yẹ jagunjagun ni. Kírígà wa kú sínú pálọ̀ yẹn, èmi náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá sọ èyí tó kù: mẹ́dàlì yìí kì í ṣe èyí tí Jámánì ń fún àwọn òyìnbó ara wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń jagun fún wọn nílẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n máa ń fi dá lọ́lá.

Mo ní, “Ta wá ni bàbá àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Ọmọ Kamẹrúùnù kan, bóyá. Èmi ò lè mọ̀. Mẹ́dàlì lè sọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún, kò lè sọ bó ṣe kúrò láyà rẹ̀.”

Tíì mi tutù níwájú mi. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a ń na Kírígà, tí a ń rẹ́rìn-ín, òyìnbó onírùngbọ̀n ni mo máa ń rí. Ẹnì kan tó dúdú bí èmi ló wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Ojú tì mí, mo sì ṣàánú rẹ̀ gidigidi.

Ọjọ́ Ìsinmi

Nínú bọ́ọ̀sì, Fúnmi ní ìmọ̀ràn. “Sìsí mi, ẹ kàn sọ fún Daddy pé original ni. Finish. Àgbàlagbà ni wọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ìyókù ṣe fún wọn?”

Mo bá a jiyàn títí dé Goresbrook. Òótọ́ ni pé àgbàlagbà ni. Òótọ́ ni pé orí ìtàn yẹn ló gbé ayé rẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ó ní kí n lọ béèrè, kò ní kí n lọ bá òun wá ìdáhùn tó dùn. Bí mo bá gbé ìdajì lọ fún un, èmi gan-an ni òpùrọ́ tí ó ń bẹ̀rù pé ó wà nílé wa.

Lẹ́yìn tí Fúnmi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, a pe bàbá mi lórí fóònù. Etí rẹ̀ nìkan la rí. A ní kó gbé fóònù síwájú, a wá rí àjà ilé. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ yọ.

“Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹ jẹun? Kí ni wọ́n wí?”

“Bàbá, ojúlówó ni. Wọn ò rà á lọ́jà.”

Ó mi kanlẹ̀. Ó ní, “Olúwa ṣeun.” Mo rí i pé èjìká rẹ̀ rọ̀, ó dà bí ẹni pé kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Fúnmi ń gbọ̀n mí lápá. Mo sọ ìyókù. Mo sọ fún un pé kì í ṣe òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún, pé ọmọ dúdú ló ni ín, pé a ò mọ bó ṣe dé ọwọ́ bàbá àgbà.

Bàbá mi sọ fóònù kalẹ̀, a tún rí àjà ilé.

“Bàbá mi ò sọ ọ́ rí pé òun já a láyà òyìnbó,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Àwa ọmọ la sọ ọ́. Tí a bá bi í, á ní ká lọ gbé omi wá. Ìgbà tó ń kú lọ, orúkọ kan ló ń pè. Ètúndì. Ètúndì. Èmi nìkan ló jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Fúnmi jókòó sílẹ̀. Èmi ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi tù ú nínú. Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣáà ti rí i pé ẹ kì í ṣe ọmọ òpùrọ́.”

Ó fi ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ náà dànù. “Ìyẹn ti tán. Àbẹ̀kẹ́, Ètúndì tó ni mẹ́dàlì yẹn, ǹjẹ́ ó bímọ?”

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo ẹni tó bá wá kí i. Mẹ́dàlì náà wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ní a kò gbọdọ̀ pè é ní tiwa mọ́. Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyẹn. Bí ẹ bá ní èèyàn ní Kamẹrúùnù, ẹ bá wa béèrè ilé Ètúndì tó jagun fún Jámánì láyé àtijọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ohun bàbá wọn wà lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí wọ́n tètè máa bọ̀ o, nítorí bàbá mi fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún wọn, ó sì ti dàgbà.